Orí Karùn-ún: Agbára Tó Ń Dé Lásìkò

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní pápá ìṣeré Hayward nílùú Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Tobi Amusan, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde, sá ọgọ́rùn-ún mítà, ó sì fo ìdènà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Kò tíì sí obìnrin tó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ìṣẹ́jú àáyá 12.20 tí Kendra Harrison sá ní London lọ́dún 2016 ni gbogbo ayé ń lé tẹ́lẹ̀. Ìdènà kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 83.8. Mítà mẹ́jọ ààbọ̀ ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré sì ni eléré ń gbé kó tó tún fò.

Amusan kì í ṣe òmìrán. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bá a díje ló ga jù ú lọ. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo fídíò eré náà, ẹ ó rí i pé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń kanlẹ̀ ló ti ń gbéra. Nígbà tí eré bá ti wọ eléré ìje tó dáńtọ́ lára, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ lórí ilẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan. Inú àkókò bíńtín yẹn ni gbogbo okun tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ gbọ́dọ̀ jáde. Èyí tí kò bá jáde nígbà náà kò sí nínú ìṣirò.

Ẹ wá wo Folashade Oluwafemiayo. Níbi ìdíje Paralympics ti Paris lọ́dún 2024, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó gba irin tó wúwo tó 167 kílò sọ́wọ́, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé àyà, ó dá a dúró níbẹ̀ láìmì, ó sì tì í padà sókè títí ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì fi nà tán. Ó gba góòlù, ó sì fi àkọsílẹ̀ tuntun lélẹ̀ fún gbogbo ayé. Òun ní ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan tó lè fi ja ìjà tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Irin yẹn nìkan ló dojú kọ.

Alágbára ni àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá gba ètò ìgbáradì ọ̀kan tí a gbé e fún èkejì, àwọn méjèèjì ni yóò pàdánù. Kókó tí mo fẹ́ kó yé òǹkàwé nínú orí yìí nìyí: okun nìkan kò tó fún eléré. Okun náà gbọ́dọ̀ dé lásìkò, àsìkò ọ̀hún sì yàtọ̀ láti eré kan sí òmíràn. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó béèrè iye kílò tí ọmọ kan lè gbé, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè iye àkókò tí eré ọmọ náà fún un láti lo okun tó ní.

Okun àti agbára òjijì

Nínú ìwé yìí, a ó máa pe bí iṣan ṣe lè ti nǹkan tàbí fà á tó ní okun, láìka bó ṣe pẹ́ lórí rẹ̀ sí. Bí a bá wá ro ìyára mọ́ okun, a ó máa pe ìyẹn ní agbára òjijì. Ká ní ẹni méjì gbé irin 100 kílò láti ilẹ̀ dé àyà. Ẹni àkọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì lo méjì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n agbára òjijì ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹnìkejì rẹ̀.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ A. V. Hill, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí iṣan, tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 1938 tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣì ń jẹ nínú èrè rẹ̀ títí dòní. Iṣan àkèré ló fi ṣe é. Ó rí i pé bí ẹrù tí iṣan ń fà bá ṣe ń wúwo sí i ni iṣan náà ń lọ́ra sí i. Tí ẹrù bá wúwo kọjá ààlà, iṣan á fún pọ̀ dé góńgó, ẹrù ò sì ní kúrò lójú kan. Tí kò bá sí ẹrù rárá, iṣan á yára gan-an, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tó ṣe. Àárín méjèèjì ni agbára òjijì ti ń ga jù, níbi tí ẹrù ti tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí iṣan náà lè dá dúró.

Àkókò tún ni ọ̀ràn kejì. Láti ìgbà tí ọpọlọ bá ti pàṣẹ títí di ìgbà tí iṣan yóò fi dé góńgó okun rẹ̀, ó máa ń ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ. A sì ti rí i pé ìdá kan péré ni eléré ìje ní lórí ilẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí eléré ìje tó ń lo gbogbo okun rẹ̀ nínú ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo láyé. Ẹni tó ń borí ni ẹni tó lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú okun rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Lọ́dún 2000, Peter Weyand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard gbé ẹni mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sórí ẹ̀rọ ìsáré, àwọn tó ń sáré gan-an àtàwọn tí kò yára. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé ẹni tó yára ń ju ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú kíákíá ju ẹni tó lọ́ra lọ. Àbájáde ìwádìí náà kò gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí kálukú bá ti ń sá eré àsápajúdé, ìyàtọ̀ inú bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ padà síwájú kò tó nǹkan. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tó ni ìyàtọ̀ gidi. Ilẹ̀ tí ẹ bá lù gidigidi ló ń tì yín síwájú gidigidi. Nítorí náà ni eléré ìje tí kò wúwo ṣe ń wọ jíìmù lọ gbé irin.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan

Iṣan itan èèyàn kò dá ṣiṣẹ́ bí odidi kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, a sì pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣan ìmọ̀lára tirẹ̀ tó ń gbé àṣẹ wá láti ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn ẹgbẹ́ kan kéré, wọn kì í tètè rẹ̀, wọn kì í sì í yára. Àwọn mìíràn tóbi, wọ́n yára, wọ́n lágbára, ṣùgbọ́n ó ń tètè rẹ̀ wọ́n.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Elwood Henneman ló ṣàlàyé ìlànà tí ara ń tẹ̀ lé láti pè wọ́n sí iṣẹ́. Àwọn kéékèèké ni ara ń kọ́kọ́ jí. Tí iṣẹ́ bá ń le sí i, ara á máa ké sí àwọn tó tóbi, àwọn tó tóbi jù lọ ló sì ń dé kẹ́yìn. Bí ẹ bá ń rìn lọ sọ́jà, àwọn kéékèèké nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà láti jí àwọn ńlá tí eléré nílò: kí ẹ gbé ohun tó wúwo gan-an, tàbí kí ẹ gbé ohun tó fúyẹ́ pẹ̀lú gbogbo ìyára tó wà lára yín. Ẹni tó bá ń gbé irin fúyẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, ń fi àwọn ńlá yẹn sílẹ̀ lójú oorun.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, irin tí wọn ò lè gbé tẹ́lẹ̀ á ti fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ apá wọn kò tíì tóbi sí i. Lọ́dún 1979, àwọn olùwádìí méjì, Moritani àti deVries, fi hàn pé ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára ló kọ́kọ́ ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe ń jí fọ́nrán púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn iṣan tó ń fa ara wọn sẹ́yìn á sì jáwọ́ nínú ìjà. Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́nrán ń nípọn. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí jẹ́ fún eléré tó wà ní ìpele ìwọ̀n, irú bí oníjàkadì àti abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, nítorí ó ṣeé ṣe kí okun pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ara wúwo sí i.

Ohun kẹta ni okùn tó so iṣan mọ́ egungun, irú èyí tó wà lókè gìgísẹ̀. Bí ẹ bá tẹ orúnkún díẹ̀ kí ẹ tó fò, ẹ ó fò ga ju ìgbà tí ẹ bá fò láti ìlóṣòó tí ẹ ti dúró lé fún ìgbà díẹ̀. Títẹ̀ yẹn ló ń na iṣan àti okùn náà, bí ọmọdé ṣe ń fa rọ́bà kàtàpọ́ọ̀tù sẹ́yìn kó tó ta ẹyẹ. Agbára tó fara pamọ́ sínú nínà yẹn ló ń padà jáde, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi falẹ̀ lórí ìtẹ̀ náà, á ti pòórá. Eré sísá, fífò àti yíyà lójijì lórí pápá, orí okùn yẹn ni gbogbo wọn dúró lé.

Ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀rù irin

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fi kọ̀ fún eléré láti fọwọ́ kan irin. Wọ́n ní irin ń so iṣan pọ̀, pé ẹni tó bá ń gbé e kò ní lè yára mọ́, kò sì ní lè tẹ̀ tàbí yí ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Karpovich ti Springfield College ní Massachusetts wà lára àwọn tó gba èyí gbọ́. Lọ́dún 1940, Bob Hoffman kó àwọn tó ń gbé irin wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wá ṣàfihàn, John Grimek sì wà pẹ̀lú wọn, ọkùnrin tí iṣan ara rẹ̀ rí ràgàjì ràgàjì. Nígbà tí wọ́n parí, Karpovich ní kí Grimek họ ẹ̀yìn ara rẹ̀ wò. Grimek họ ọ́. Lẹ́yìn náà ó na orúnkún rẹ̀ gbọnran, ó sì tẹ̀ síwájú títí ìgúnpá rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

Onímọ̀ tòótọ́ ni Karpovich, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Òun àti William Zorbas wọn bí ẹgbẹ̀ta ọkùnrin ṣe ń yí apá yára tó, ìdajì wọn ń gbé irin, ìdajì kò gbé e. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 1951, àwọn tó ń gbé irin ló yára jù. Ìgbàgbọ́ tó ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá bẹ̀rẹ̀ sí í wó láti ìgbà náà.

Nígbà yẹn kan náà, dókítà ológun Amẹ́ríkà kan, Thomas DeLorme, ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí orúnkún wọn bàjẹ́. Ó fi irin tó wúwo bọ ìtọ́jú náà, ó sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí ara wọn ṣe ń le sí i. Lọ́dún 1945 ló kọ ọ́ jáde. Ìlànà fífi kún un díẹ̀díẹ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ètò okun tó wà lágbàáyé lónìí. Ní Soviet, Yuri Verkhoshansky ní tirẹ̀ kọ́ àwọn tó ń fò láti sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpótí, kí wọ́n sì ta sókè padà ní kété tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1969, Yunifásítì Nebraska ti gba Boyd Epley síṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn eléré wọn ní okun nìkan.

Eré kọ̀ọ̀kan àti àsìkò tirẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó fi irin gbígbé ṣe eré gan-an. Rafiatu Folashade Lawal gba góòlù ní ìpele 59 kílò níbi ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022, àpapọ̀ ohun tó gbé sì jẹ́ 206 kílò. Oríṣi méjì ni wọ́n ń gbé: èyí tí irin ń ti ilẹ̀ lọ sókè orí lẹ́ẹ̀kan náà, àti èyí tó ń kọ́kọ́ dúró léjìká. Bí irin bá ti kọjá orúnkún, eléré kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan láti fi ìbàdí àti ẹsẹ̀ tì í sókè kó sì wọlé sábẹ́ rẹ̀. Okun àti ìyára pàdé nínú rẹ̀, òun ló fà á tí àwọn eléré mìíràn fi yá a lò fún ìgbáradì tiwọn.

Àwọn tó ń fò tún ní àkókò tó kéré sí i. Javier Sotomayor ti Kúbà fo mítà 2.45 ní Salamanca lọ́dún 1993, ọkùnrin kan kò sì tíì kọjá rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tó bá ń fò bẹ́ẹ̀ ń sáré bọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan gún ilẹ̀, kò sì ní tó ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kó tó gbéra. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ni yóò gba gbogbo ìwọ̀n ara pẹ̀lú ìyára tó bá wá, tí yóò sì yí i sókè. Irú eléré yìí nílò okun itan tó pọ̀ kí orúnkún má baà yẹ̀, ó sì nílò fífò tó yá kánkán kí okùn gìgísẹ̀ lè le. Èyíkéyìí tó bá fo ọ̀kan dá nínú méjèèjì, ara ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Agbábọ́ọ̀lù ní ìṣòro mìíràn. Ó ń sáré kúkúrú kúkúrú, ó ń dúró lójijì, ó ń yà, ó ń fò, ó sì ń ṣe é fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Iṣan ẹ̀yìn itan ló sábà máa ń já, pàápàá nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá na ẹsẹ̀ síwájú nínú eré àsápajúdé. Oògùn rẹ̀ kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ kúnlẹ̀ sórí nǹkan tó rọ̀, kí ẹnìkejì yín di ọrùn ẹsẹ̀ yín méjèèjì mú ṣinṣin. Ẹ na ara láti orúnkún dé èjìká, kí ẹ wá máa dà síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀yìn itan máa fà yín padà títí agbára rẹ̀ yóò fi pin, kí ẹ sì fi ọwọ́ gba ara yín nílẹ̀. Ní Denmark, wọ́n fi èyí kún ìgbáradì nǹkan bí ìdajì àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àádọ́ta, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2011. Lára àwọn tó ṣe é, ìfarapa iṣan ẹ̀yìn itan 15 ló ṣẹlẹ̀. Lára àwọn tí kò ṣe é, 52 ni. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò kan tí kò lè ṣe èyí lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ rẹ̀.

Àwọn oníjà náà pín sí méjì. Odunayo Adekuoroye gba góòlù ìjàkadì níbi ìdíje Commonwealth lọ́dún 2014, 2018 àti 2022. Oníjàkadì ń di ẹni tó ń ti òun náà mú, nítorí náà okun ìdìmú, ti ẹ̀yìn àti ti ọrùn ni owó àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ ní lápò. Lẹ́yìn náà ni ìyára tí yóò fi wọlé sí ẹsẹ̀ ọ̀tá. Ní ti ẹ̀ṣẹ́, ọwọ́ ló ń bà, àmọ́ ẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbàdí àti èjìká ló ń gbé e kọjá. Ẹran ara tó pọ̀ jù lè di ẹrù. Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣàgámù, wọn nǹkan bí 112 kílò nígbà tí Andy Ruiz nà án ní New York ní oṣù Kẹfà ọdún 2019. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Saudi Arabia ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 108. Ó fi ẹsẹ̀ rìn yí Ruiz ká fún abala méjìlá, ó sì fi àmì ayò borí.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá eré ọlọ́nà jíjìn gbà pé jíìmù kò kàn wọ́n. Ìwádìí tí Leena Paavolainen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Finland lọ́dún 1999 sọ nǹkan mìíràn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, àwọn asáré kan yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò ìgbáradì wọn, wọ́n fi eré kúkúrú, fífò àti irin fúyẹ́ tí wọ́n ń gbé kánkán dípò. Iye afẹ́fẹ́ tí ara wọn lè lò kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ eré kìlómítà márùn-ún wọn yá sí i. Ohun tó yí padà ni pé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ná wọn ní agbára tó kéré. Ẹni tó bá fẹ́ sáré kìlómítà méjìlélógójì ó lé yóò gbé ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀, ó sì dájú pé díẹ̀ tó bá fi pa mọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò di púpọ̀.

Bí a ṣe ń tò ó

Okun ló ń ṣáájú. Ẹni tí kò lè lóṣòó dáadáa kó sì dìde pẹ̀lú ẹrù níwọ̀nba kò tíì ṣetán láti máa fò láti orí àpótí gíga. Fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó kọ́ bí a ṣe ń ṣe é: ìlóṣòó, gbígbé nǹkan láti ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó nà, títì, fífà, àti gbígbé ara sókè lórí ọ̀pá. Kí ó lo ohun tó lè gbé nígbà mẹ́jọ sí méjìlá láìjẹ́ pé ìrísí ìṣe náà bàjẹ́. Níbi tí irin kò bá sí, àpò tí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ sí ń ṣiṣẹ́, àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnìkejì tí a gbé pọ̀n náà ń ṣiṣẹ́.

Ìpele kejì ni irin tó wúwo, èyí tí èèyàn lè gbé nígbà mẹ́ta sí mẹ́fà péré. Kí ó ṣe é, kí ó sinmi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó tún ṣe é, tó ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ tó. Ìpele kẹta ni agbára òjijì: fífò, jíju bọ́ọ̀lù tó wúwo, irin tí kò wúwo jù tí a ń gbé kánkán. Nígbà náà, okun tí a ti kó jọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń dé lásìkò.

Níbi ìpele kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ti ń ṣì í. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ fò bí àkèré láti ìpẹ̀kun pápá kan dé èkejì, kí wọ́n sì padà bẹ́ẹ̀, títí tí ẹsẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n. Ní ilé ẹ̀kọ́, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ tó pẹ́ dé. Ìyà náà ló sì kù sí. Ara tó ti rẹ̀ ń fò lọ́ra, ohun tí ara bá sì ń ṣe léraléra ló ń kọ́. Ẹ ti kọ́ ọmọ náà ní fífò lọ́ra, ẹ sì ti fi orúnkún rẹ̀ wéwu. Fífò mẹ́ta sí márùn-ún tí ó ga, tí ó yá, tí ó sì ní ìsinmi tó lẹ́yìn ló ń kọ́ agbára òjijì. Bí fífò bá ti ń kéré sí i, ẹ dúró. Kí a sì máa ṣe é lẹ́yìn tí ara bá ti gbóná, kó tó di pé iṣẹ́ mìíràn rẹ eléré.

Nígbà tí ìdíje bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má pa irin tì. Ní Norway, wọ́n tẹ̀ lé àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun nínú sáà ìdíje. Àwọn tó ń gbé irin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ di okun ẹsẹ̀ àti eré wọn mú. Àwọn tó ń gbé e lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì pàdánù lára rẹ̀. Ọjọ́ kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ló ya wọ́n sọ́tọ̀.

Oúnjẹ àti oorun ló ń parí iṣẹ́ tí irin bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tó pọ̀ tọ́ka sí nǹkan bí gíráàmù 1.6 purotéènì fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ fún ẹni tó ń kọ́ okun. Ẹni tó wọn 70 kílò nílò nǹkan bí gíráàmù 112. Ẹyin kan ní nǹkan bí mẹ́fà. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹran, wàrà àti ẹ̀gúsí lè kó ìyókù jọ láìsí pé èèyàn ra agolo ìyẹ̀fun purotéènì kankan láti òkè òkun.

Àwọn ọmọdé, àwọn obìnrin àti ọ̀nà ẹ̀bùrú

Àwọn òbí sábà máa ń bẹ̀rù pé irin yóò mú kí ọmọ wọn kúrú. Kò sí ẹ̀rí tó gbe èyí lẹ́yìn. Ohun tó ń ṣe ọmọ ní jàǹbá ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ láìsí alábòójútó, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó máa fi ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje. Ọmọ tó lè gbọ́ àlàyé kó sì tẹ̀ lé e lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ara rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà ń bẹ̀rù pé wọ́n á dà bí ọkùnrin. Omi ara tó ń mú iṣan ọkùnrin tóbi, èyí tí wọ́n ń pè ní testosterone, pọ̀ lára ọkùnrin ju ti obìnrin lọ ní ìlọ́po tó lé ní mẹ́wàá. Obìnrin tó ń gbé irin yóò lókun sí i, egungun rẹ̀ á le sí i, orúnkún rẹ̀ á ní ààbò sí i. Lọ́jọ́ orí tí orúnkún ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti ń tètè bàjẹ́, ààbò yìí kì í ṣe ohun tó yẹ ká fi dù ú.

Ní ti oògùn tí wọ́n fi ń wú iṣan, ẹ rántí Seoul lọ́dún 1988. Ben Johnson sá ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.79, wọ́n sì gba góòlù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti lo sitẹ́rọ́ìdì. Oògùn náà ń ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń dí ọ̀nà ọmọ bíbí. Ẹni tó bá ń tà á fún ọmọ yín ní jíìmù kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, olùkọ́ eré ìdárayá àti òbí tó ń ka ìwé yìí, ọwọ́ yín ni ara àwọn ọmọ wọ̀nyí wà. Ẹ wo eré tí ọmọ náà ń ṣe, ẹ mọ àsìkò tí eré náà fún un. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní okun, kí ẹ sì kọ́ okun náà láti yára. Ẹ fún un ní ìsinmi tó, ẹ fún un ní oúnjẹ tó, ẹ má sì fi eré ìdárayá jẹ ẹ́ níyà mọ́. Ohun tí èyí ń béèrè kò ju sùúrù àti ìmọ̀ lọ, pápá ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ yín sì tó láti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.